Ó Ń Ṣiṣẹ́ Ni

Bí ènìyàn bá sọ òótọ́ tó dùn, tó sì pa òótọ́ tó korò mọ́ sínú kí ẹni tó ń gbọ́ má baà sọ ìrètí nù, èwo nínú àwọn màláíkà èjìká rẹ̀ méjèèjì ló ń kọ ọ́ sílẹ̀? Ti ọ̀tún ni, tàbí ti òsì? Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń bi ara mi. Mo bi àwọn tó mọ Kùránì jù mí lọ. Ọ̀kan ní ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ọ̀kan ní àánú ni. Ẹ̀kẹta wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní kí n lọ tún àlùwàlá mi ṣe, pé ọ̀rọ̀ ajá kọ́ ló yẹ kí ààfáà máa gbé kiri. Mo tún àlùwàlá ṣe. Ìbéèrè náà wà níbi tó wà.

Ràṣídátù ló gbé e kò mí lójú. Agbo ilé kan náà la jọ ń gbé ní Akpakpa ní Kútọnu, èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú, òun nínú yàrá tó kángun sí kànga. Ohun tó fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi ni mo fẹ́ sọ. Ibi tí kò bá sọ fún mi, n kò ní fi tèmi dí i.

Ọmọ Ṣakété ni Ràṣídátù. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá tí wọ́n fi mú un wá sí Kútọnu, sí ilé òyìnbó Faransé kan tó ní ajá ńláńlá méjì, kí ó máa bá wọn gbálẹ̀. Ìyàwó òyìnbó náà kì í jẹ́ kí ọmọ Ṣakété fọwọ́ kan abọ́ tí àwọn fi ń jẹun, ṣùgbọ́n abọ́ ajá kò ká a lára. Bẹ́ẹ̀ ni Ràṣídátù ṣe di ẹni ajá. Ibẹ̀ ló ti kọ́ Faransé. Ibẹ̀ náà ló ti kọ́ bí a ṣe ń la ẹnu ajá tó ń ṣàìsàn, tí a ń ti oògùn sí ìdí ahọ́n rẹ̀, tí a ń rọra fọwọ́ pa á lọ́fun títí yóò fi gbé e mì.

Nígbà tí ìjọba ìyípadà àwọn sójà tí à ń pè ní Ẹhuzu dé, tí òyìnbó náà di ẹrù rẹ̀ lọ, Ràṣídátù ti dàgbà, ó ti lọ́kọ, ó sì ti di opó. Awakọ̀ akẹ́rù ló fẹ́, ọ̀nà Pobè ló sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ló kù sí i lọ́wọ́, Sàní, ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi ń pè é ní Ìyá Sàní. Ó wá iṣẹ́ ìgbálẹ̀ sí ilé ìwòsàn ẹranko kékeré kan tí ìjọba dá sílẹ̀ lẹ́yìn afárá.

Iṣẹ́ náà kò bu iyì kún un nínú ilé wa. Nimotallahi tó ń gbé yàrá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kó sinmi.

“Ìyá Sàní, ẹ káàbọ̀ o. Ṣé àwọn ọkọ yín onírù ń kí wa?”

“Wọ́n ń kí yín. Wọ́n ní àwọn ò gbóhùn yín láti àná, pé ṣé kò sẹ́ni tó ń gbó lójúlé yín?”

Gbogbo agbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Nimotallahi kì í jẹ́ kí korobá Ràṣídátù kan tirẹ̀ létí kànga. Aṣọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Ràṣídátù ní, ti ajá àti ti Ọlọ́run, kò sì sígbà kan tí ó pàrọ̀ wọn. N kò tíì rí obìnrin tó ń fọ ara rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kó tó dúró kírun.

Dókítà ibi iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ọmọ Bàrìbá láti apá Paraku, ó kàwé rẹ̀ ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Ó mọ iṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n kò gbọ́ Fọ̀n, kò gbọ́ Gun, kò gbọ́ Nàgó, Yorùbá tiwa. Nígbà tí nọ́ọ̀sì tó ń bá a ṣe ògbufọ̀ sá lọ sí Gábọ̀n, Dókítà gbójú sókè lọ́jọ́ kejì, ó rí Ràṣídátù pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

“Kàmáráàdì, ẹ gbọ́ Faransé?”

“Mo gbọ́ ọ, Dókítà.”

“Ẹ gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀.”

Ẹni àkọ́kọ́ tó ṣe ògbufọ̀ fún ni apẹja kan láti Fidjrossè tí ajá rẹ̀ ní wárápá. Dókítà fún un ní oògùn oníhóró, ó sì sọ̀rọ̀ gùn. Ó ní oògùn yìí ní ohun tí a torí rẹ̀ fún ajá, ó tún ní àwọn ohun mìíràn tó máa ń ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn, tí ẹnikẹ́ni kò rán an. Faransé ní orúkọ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ méjì péré. Ràṣídátù wá a lẹ́nu, kò rí i ní Nàgó, kò rí i ní Gun. Ló bá ka gbogbo rẹ̀ fún apẹja náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí Dókítà ṣe tò ó: ajá yóò máa ta gẹ́gẹ́, òùngbẹ yóò máa gbẹ ẹ́, yóò máa sùn bí òkú, ó lè ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́, ó sì lè pa á.

“Ìyá, oògùn ni ẹ fún mi, àbí májèlé?” Ohun tí apẹja náà bi í nìyẹn. Nígbà tó délé, ó ju oògùn náà sínú òkun. Ọjọ́ karùn-ún, wárápá gbé ajá náà lórí iyanrìn, kò sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí ó fi kú. Apẹja náà wá sí ilé ìwòsàn, kì í ṣe Dókítà ló bú. Ràṣídátù ló bú, lójú gbogbo ayé, pé ẹnu rẹ̀ ló dẹ́rù ba òun.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ó ronú títí. Ohun tó wá sí i lọ́kàn ni ìyá rẹ̀ ní Ṣakété. Nígbà tí ìyá bá fún wọn ní àgbo mu, tí inú wọn ń ru, tí èébì ń gbé wọn, tí wọ́n ń sunkún, ìyá á pàtẹ́wọ́, á ní, “Ó ń ṣiṣẹ́! Ó ń ṣiṣẹ́!” Wọ́n á sì dákẹ́, nítorí ìyà tó ń ṣiṣẹ́ rọrùn láti fara dà ju ìyà lásán lọ.

Láti ọjọ́ náà, bí Dókítà bá to àwọn nǹkan búburú sílẹ̀, Ràṣídátù á mú àwọn tó fúyẹ́ níbẹ̀, á sì fi ọ̀rọ̀ kan dè é: “Bí ẹ bá rí i tó ń ta gẹ́gẹ́, ẹ má fòyà. Ó ń ṣiṣẹ́ ni.” Àwọn tó wúwo, á gbé wọn mì.

Kò sì fi mọ síbẹ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́, á fi ẹsẹ̀ rìn lọ kí àwọn tí ajá wọn ń lo oògùn. Á kọ́ wọn bí a ṣe ń tẹ́ àpò sìmẹ́ńtì sílẹ̀ fún ìtọ̀, á ní kí wọ́n má ṣe fi omi du ajá, ṣùgbọ́n kí wọ́n wọn oúnjẹ fún un, torí ebi oògùn kì í yó. Á bá wọn jókòó. Á gbọ́ ẹjọ́ wọn, ti ajá àti èyí tí kì í ṣe ti ajá. Àwọn ènìyàn kò ju oògùn nù mọ́. Dókítà alára rí i.

“Kàmáráàdì Ràṣídátù, kí lẹ ń sọ fún wọn ná?”

“Ohun tí ẹ sọ náà ni, Dókítà.”

Ó ní nígbà tí òun kọ́kọ́ sọ ọ́, àyà òun já. Ìgbà kẹta, kò já mọ́.

Àsìkò ọyẹ́ ni Ìbíjọkẹ́ dé. Aránṣọ ni, ọmọ Pobè, onígbàgbọ́, àdúgbò Gbégamey ní Kútọnu ló ń gbé. Ó sanwó fún ọlọ́mọlanke kan láti ti ajá rẹ̀ tí wárápá ń gbé wá, ó dì í sínú aṣọ tí oníbàárà kò wá gbà. Ajá pupa ni, etí rẹ̀ kan ti ya. Ẹ̀yinlẹmọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Nílẹ̀ wa lọ́hùn-ún, a kì í sọ ajá lórúkọ lásán; ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé sọ lójú àwọn aládùúgbò ni a fi ń sọ ọ́, kí a lè máa pè é síta láàárọ̀ lálẹ́ láìsí ẹjọ́.

Ọkọ Ìbíjọkẹ́ ló sọ ajá náà bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ ni, Adéoyè lórúkọ rẹ̀, gbogbo Gbégamey ń pè é ní Mẹ́tìrì. Ní ọdún tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dá ìwé dúró, àwọn agbófinró wá mú un nínú kíláàsì pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, wọ́n tì í mọ́lé. Wọn kò sọ ohun tó ṣe, kò sì sẹ́ni tó bèèrè. Ọdún kẹta rèé.

“Ìyá Sàní, ẹ wò mí,” Ìbíjọkẹ́ wí. Ó di ọwọ́ Ràṣídátù mú bí ẹni tó ń rì. “Èmi àti ajá yìí ni Mẹ́tìrì fi sílẹ̀. Ọlọ́run ò fún wa lọ́mọ. Ọlọ́pàá kan ará Kétu ló máa ń bá mi jíṣẹ́ fún un, lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́rin. Ìbéèrè méjì ló ń fi ránṣẹ́ padà nígbà gbogbo. ‘Ìbíjọkẹ́ ń kọ́? Ẹ̀yinlẹmọ̀ ń kọ́?’ Kò bèèrè ohun mìíràn rí. Bí mo bá ní kí wọ́n sọ fún un pé ajá ti kú, á gbà pé ilé ti tú. N kò mọ ohun tí ẹni tó wà níbi tó wà máa fi ara rẹ̀ ṣe. Ó gbọ́dọ̀ bá ajá yìí láàyè.”

Dókítà wo ajá náà, ó kọ oògùn, ó sì sọ̀rọ̀: hóró kan láàárọ̀, hóró kan nírọ̀lẹ́. Yóò máa ta gẹ́gẹ́, yóò máa jẹun bí wọ̀bìà, yóò máa tọ̀. Ìyẹn kò léwu. Ṣùgbọ́n bó ti wù kó pẹ́ tó, bí funfun ojú rẹ̀ bá di àwọ̀ ìyeyè, tí kò bá fẹ́ jẹun mọ́, tí ikùn rẹ̀ bá wú, ẹ̀dọ̀ ni. Kí wọ́n gbé e wá lọ́jọ́ náà gan-an.

Ràṣídátù wo ọwọ́ tó di tirẹ̀ mú. Ó sọ ti títa gẹ́gẹ́, ti oúnjẹ, ti ìtọ̀. “Gbogbo rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ ni.” Nígbà tó dé orí ojú àti ẹ̀dọ̀, ó dákẹ́. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun fúnra òun ni yóò máa lọ wò ó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ojú òun ni yóò kọ́kọ́ rí i. Kí ni wọ́n fẹ́ fi dẹ́rù ba obìnrin yìí fún?

Ó sì lọ lóòótọ́. Ọjọ́rùú kì í yẹ̀. Wárápá tó ń gbé ajá náà lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ wá di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, lẹ́yìn náà kò gbé e mọ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kọlu ara wọn bí ti ọ̀mùtí. Bó bá ń rìn lọ sọ́tùn-ún, ìdí rẹ̀ á máa lọ sósì. Àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ajá ìyàwó Mẹ́tìrì ti di dìgbòlugi.

Ọjọ́rùú kan, délégè àdúgbò, aṣojú ìjọba níbẹ̀, wọlé wẹ́rẹ́ pẹ̀lú ọkùnrin méjì tó mú kóńdó lọ́wọ́. Àlàbí lorúkọ délégè yìí, òun náà jẹ́ Nàgó, ọmọ Kétu.

“Ẹhuzu!”

“Dandan,” àwọn obìnrin méjèèjì dáhùn, bí ìjọba ṣe ní kí a máa dáhùn ìkíni náà.

Ó nàka sí ajá náà tó dùbúlẹ̀ lẹ́bàá ẹ̀rọ ìránṣọ. “Kí lorúkọ ajá yìí?”

“Ẹ̀yinlẹmọ̀,” Ìbíjọkẹ́ fèsì.

“Èmi ni mo mọ̀ kẹ̀? Èmi ni mo bí i ni?”

“Rárá, Délégè. Ẹ̀yinlẹmọ̀ ni.”

“Mo bi yín léèrè ọ̀rọ̀, ẹ ní èmi ni mo mọ̀! Níwájú àwọn mìlísíà!”

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin méjèèjì ti ń fi kóńdó bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà yọ. Nígbà tó yé Délégè, ojú rẹ̀ le. “Ta ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀?”

“Ọkọ mi ni.”

Gbogbo wọn ló mọ ibi tí ọkọ rẹ̀ wà.

“Ta ló ń fi bá wí?” Délégè rọra bèèrè.

Ràṣídátù dìde. “Àwa tí à ń fún un lóògùn ló ń bá wí, Délégè. Àwa la mọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ jókòó, kí ẹ wá mọ̀.” Ó bu omi sínú abọ́, ó gbé e sílẹ̀. “Ajá dìgbòlugi kì í fẹnu kan omi. Ẹ wò ó.”

Ajá náà ta gẹ́gẹ́ dé ìdí abọ́, ó lá omi náà gbẹ, ó lá abọ́ náà pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà ó rìn dé ẹ̀gbẹ́ bàtà Délégè, ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó tọ̀.

“Èyí ńkọ́?” Délégè pariwo.

“Ó ń ṣiṣẹ́ ni.”

Àwọn ọlọ́kóńdó kò lè pa ẹ̀rín mọ́ra mọ́. Délégè pàápàá fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n so ajá náà mọ́lẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìbíjọkẹ́ dì mọ́ Ràṣídátù, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Láti ọjọ́ náà, “ó ń ṣiṣẹ́ ni” di ọ̀rọ̀ àwàdà láàárín wọn. Bí abẹ́rẹ́ bá gún Ìbíjọkẹ́ lọ́wọ́, á ní ó ń ṣiṣẹ́ ni. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ó ń ṣiṣẹ́ ni. Ràṣídátù ní nígbà mìíràn, bí òun bá gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, nǹkan kan á mú òun láyà, òun á sì wo ojú ajá náà fínnífínní. Funfun rẹ̀ funfun. Òun á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ó lé lọ́dún kan bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Ààwẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n ránṣẹ́ láti Ṣakété pé ìyá Ràṣídátù kò dìde mọ́. Ó gba àyè lọ́wọ́ Dókítà. Ìbíjọkẹ́ sìn ín dé ibùdókọ̀, ó gbé búrẹ́dì lé e lọ́wọ́.

“Ẹ̀gbọ́n mi, bí nǹkan bá yí padà lára rẹ̀ nígbà tí ẹ ò sí ńkọ́?”

Èyí gan-an ni ibi tí Ràṣídátù máa ń dúró lé, bó bá ń sọ ìtàn yìí. Ó ní ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n òun. Ojú. Ìyeyè. Ẹ̀dọ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́ nísinsìnyí, Ìbíjọkẹ́ á bi í pé kí ló dé tí kò ti sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí wá. Awakọ̀ ń fun fèrè. Ó gun ọkọ̀, ó yọrí lójú fèrèsé.

“Ẹ máa fún un bí ẹ ṣe ń fún un. Ẹ má mikàn. Ó ń ṣiṣẹ́ ni.”

Ìyá rẹ̀ kú ní ọjọ́ kẹrìnlélógún Ààwẹ̀. Ó dúró ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Nígbà tó padà dé Kútọnu, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti kọjá. Kò tilẹ̀ kọ́kọ́ wá sílé, Gbégamey ló gbà lọ pẹ̀lú ẹrù lórí.

Ajá náà wà lórí àpò. Ikùn rẹ̀ wú bí igbá, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ yọ síta. Nígbà tó gbọ́ ohùn Ràṣídátù, ó la ojú. Àwọ̀ ìyeyè ni.

“Láti ìgbà wo?” Ràṣídátù kò mọ̀ pé ẹrù ṣì wà lórí òun.

“Ọjọ́ kẹrìnlá lónìí.” Ìbíjọkẹ́ ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fẹ́ kí wọ́n yin òun. “Kò jẹun mọ́, ó kàn ń bì. Nígbà tí ojú rẹ̀ yí àwọ̀, mo ní háà, oògùn yìí mà ń ṣiṣẹ́ o! Mo bá fi ìlàjì kún ti àárọ̀, kí ó lè tètè bá a ṣe tán kí Mẹ́tìrì tó dé.”

Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ Dókítà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Dókítà gbé ìpéǹpéjú ajá náà sókè, ó fọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Ó sọ fún Ràṣídátù ní Faransé pé:

“Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti lọ. Ẹ bi obìnrin yìí: nígbà tó rí ojú rẹ̀ tó ń yí àwọ̀, kí ló dé tí kò gbé e wá? Ṣé kò rántí ohun tí mo ní kí ẹ sọ fún un ni?”

Ràṣídátù yíjú sí Ìbíjọkẹ́. Ó fi Ọlọ́run búra fún mi pé nígbà tí òun yíjú yẹn, òun fẹ́ sọ ọ́. Ó la ẹnu, ó sì gbọ́ ohun tó ti ibẹ̀ jáde:

“Dókítà ní ẹ kú ìtọ́jú.”

Omi lé ròrò sí Ìbíjọkẹ́ lójú. “Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ ní Ọlọ́run á san án fún wọn.”

Dókítà ń dúró. Ràṣídátù yíjú padà sí i. Ó ní Faransé òun kò dán tó bẹ́ẹ̀ rí:

“Ó ní òun gbàgbé.”

Dókítà wo Ìbíjọkẹ́, ó mi orí, ó sì fi ẹ̀yìn kọ ọ́. Ìbíjọkẹ́ rò pé ó ń bá òun kẹ́dùn ni. Ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó ń dúpẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà ni ajá náà kú, lọ́sàn-án gangan, lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìbíjọkẹ́ sọ pé àkókò rẹ̀ ló tó, pé bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Ràṣídátù náà sọ bẹ́ẹ̀. Èmi náà, nígbà tó sọ fún mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà pé ajá kan kú, mo dá a lóhùn bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tí à ń sọ nìyẹn. Wọ́n kọ́ wa pé gbogbo ohun tó ń mí ló ń yin Ọlọ́run. Mo gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ìtàn náà tán, mo máa ń ronú lórí ọjọ́ mẹ́rìndínlógún yẹn àti ohun tí ajá náà ń sọ fún Un, n kò sì lè parí ìrònú náà.

Ìbíjọkẹ́ rán aṣọ bùbá kan fún Ràṣídátù, ó fi dúpẹ́. Ó sì ní òun ti ránṣẹ́ sí Mẹ́tìrì nípasẹ̀ ọlọ́pàá Kétu pé Ẹ̀yinlẹmọ̀ wà dáadáa, ó ń jẹun. Ràṣídátù gba aṣọ náà. Kì í ṣe ti ajá, kò sì lè jẹ́ ti Ọlọ́run. Kò wọ̀ ọ́ rí. Bí àwọn mìíràn bá gbé ajá wọn wá sí ilé ìwòsàn, gbogbo ohun tí Dókítà bá sọ ló ń sọ, láìfi ẹyọ kan sílẹ̀, ohùn rẹ̀ le bí ẹni tó ń ka ẹjọ́. Àwọn kan sá lọ. Àwọn kan ju oògùn nù. Ajá wọn kú sínú wárápá. Nígbà yẹn kò mọ èyí tí ì bá ṣe mọ́.

Lẹ́yìn òjò ọdún náà, ìjọba dá àwọn tó wà ní àhámọ́ sílẹ̀. Mẹ́tìrì dé. Ìbíjọkẹ́ sọ pé ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó súfèé, ó tún súfèé, kó tó wo ojú òun.

Ní ọjọ́ kẹrin, ó wá sí ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀. Ó gbẹ, eyín rẹ̀ méjì ti lọ, ó di fìlà mú níwájú àyà bí ẹni tó wọ ilé ńlá. Ó ní ìyàwó òun ti sọ gbogbo rẹ̀, bí Ìyá Sàní ṣe ń fẹsẹ̀ rìn wá lọ́jọ́rùú, bó ṣe dojú kọ Délégè. Òun wá dúpẹ́.

“Ẹ má dúpẹ́, Mẹ́tìrì,” Ràṣídátù wí. “Èmi ni mo pa á.”

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ní Nàgó, ní ìdúró, láàárín àwọn ènìyàn tó ń dúró pẹ̀lú ajá àti ewúrẹ́ wọn. Ó sọ ti ojú, ó sọ ti ibùdókọ̀, ó sọ ohun tó sọ fún Dókítà pé Ìbíjọkẹ́ sọ. Nígbà tó parí, Mẹ́tìrì bèèrè ọ̀rọ̀ kan péré:

“Ọjọ́ mélòó ló fi jìyà?”

“Mẹ́rìndínlógún.”

Ó dé fìlà rẹ̀, ó jáde. Ọjọ́rùú tó tẹ̀ lé e, Ràṣídátù lọ sí Gbégamey, ilẹ̀kùn wà ní títì. Wọ́n ní tọkọtaya náà ti kó lọ sí Pobè.

Oṣù kan lẹ́yìn náà ni awakọ̀ kan mú lẹ́tà wá fún un láti Pobè. Orúkọ Ràṣídátù ni wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè sọ bóyá ọkọ ló kọ ọ́ tàbí ìyàwó. Ràṣídátù kò mọ̀wé. Sàní mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ọmọ òun ka ohun tó lè wà nínú rẹ̀. Ó fi í sábẹ́ ìrọ̀rí fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún.

Nígbà tí a kírun àsárì tán lọ́jọ́ kan, tí àwọn ọmọ kéwú ti túká, ó wá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ibẹ̀ ló ti sọ ìtàn yìí fún mi délẹ̀, láti orí apẹja títí dé orí fìlà Mẹ́tìrì. Lẹ́yìn náà ó tú ìdí ìró rẹ̀, ó yọ lẹ́tà náà, ó nà án sí mi. Mo gbà á. Mo wá awò ojú mi, mo sì fẹ́ ya ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé ọwọ́ mi, òun tí kì í fọwọ́ kan ọkùnrin.

“Ààfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á sókè, ṣùgbọ́n bó ṣe wà gan-an ni kí ẹ kà á. Bí ẹ bá dé ibi tó burú, ẹ má fò ó. Ẹ má wo ojú mi. Bí ẹ bá sì rí i pé àánú mi fẹ́ ṣe yín, ẹ ká a padà kí ẹ fún mi, kí n lọ wá ẹlòmíràn tí kò mọ̀ mí.”